Ọjọ́ Tí Ẹnì Kankan Ò Pe Tàǹtí

Èyítáyọ̀ ti dìde dúró kó tó rántí pé ẹnì kankan ò pe òun. Ó ti ti àga sẹ́yìn, ó ti ya ẹnu láti dáhùn pé "Mo ń bọ̀ o!" Ta ló wá fẹ́ dá lóhùn? Gbogbo gbọ̀ngán náà parọ́rọ́. Nídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Ìbíyẹmí ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó ń kọrin sínú. Lọ́hùn-ún níbi géètì ẹrù, Àdìsá dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, Àdìsá tí kì í rí kọ̀ǹpútà kó má fajú ro. Èyítáyọ̀ fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé torí ìyẹn lòun ṣe dìde, ó sì rọra padà jókòó.

Ilé ìkẹ́rùsí ni gbọ̀ngán yìí wà, ní Zone franche, àgbègbè àwọn iléeṣẹ́ tí kì í san owó ibodè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń jẹ páànù títí páànù á fi dípẹtà. Àtáṣimẹ́ǹtì tí àwọn obìnrin fi ń dirun ni wọ́n ń kó jáde níbẹ̀, dúdú, pupa, àti èyí tó ní àwọ̀ oyin, tí ọkọ̀ ń gbé lọ sí Cotonou, sí Accra, sí Kara. Ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jáde àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ẹrù rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìlú tó ń lọ. Ojú kọ̀ǹpútà yìí gan-an sì ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Ó rí bí eérú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ìdajì rẹ̀ Faransé, ìdajì rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí èèyàn bá kánjú tẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo tó ti kọ á pòórá. Bó bá sì lọ́ra, á lé e jáde, á ní kó wá tún orúkọ ara rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyítáyọ̀ nìkan ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ṣì ń lọ sí jéléósinmi ní àdúgbò Hanoukopé, àkọ́bí náà sì ti ní irùngbọ̀n báyìí. Ó mọ ibi tí à ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ ibi tí à ń tẹ̀ tí a ó sì yára kọ́wọ́ kúrò bí ẹni fọwọ́ kan iná. Nítorí náà, láti àárọ̀ dalẹ́, igbe kan náà ni. "Tàǹtí o! Tàǹtí, ó tún ti gbé e mì! Tàǹtí, ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀!" Tàǹtí á dìde, á máa ráhùn lọ, á ní wọn ò jẹ́ kóun sinmi, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kóun mu omi. Ẹ má dá a lóhùn. Ó dùn mọ́ ọn débi pé nígbàkígbà tó bá gba ìsinmi, ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́ dáadáa kó tó pe Ìbíyẹmí lórí fóònù pé ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀. Bí Ìbíyẹmí bá ní wàhálà wà, ara rẹ̀ á yá gágá.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mikún ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ọmọ àdúgbò Amoutivé ni, láàárín ìlú náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, bíi ti Èyítáyọ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà dójú àmì, àwọn aláṣẹ sì gbé iṣẹ́ fún un pé kó tún ojú ètò kọ̀ǹpútà náà ṣe kó lè rọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ó wá jókòó tì wọ́n, ó ń wo ọwọ́ wọn, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó lọ. Nígbà tó padà dé, ó gbé ojú mìíràn wá: funfun báláú, àwòrán ọkọ̀ gbàǹgbà, àwòrán páálí gbàǹgbà, ọ̀rọ̀ Faransé kúkúrú tí Àdìsá lè kà láìwọ awò. Béèyàn bá sì ṣì í tẹ̀, á bi í léèrè jẹ́jẹ́, á jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ọjọ́ náà gan-an ni Ìbíyẹmí, ọmọ Kétu tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sọ ojú méjèèjì lórúkọ. Ó ní ti tuntun ni Ìyàwó, ti àtijọ́ ni Ìyáálé.

"Ìyáálé ti nà wá ní pàṣán tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jẹ oúnjẹ ọwọ́ ìyàwó náà."

Gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Èyítáyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún, nítorí bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń pè ní ìyáálé ló rí létí rẹ̀.

Òní wá ni ọjọ́ ìdánwò. Wọ́n ti gbé Ìyáálé sí kọ̀rọ̀, Ìyàwó nìkan ni gbogbo wọn ń lò. Michel, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, ti kéde rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn láàárọ̀ pé tí iṣẹ́ bá ń parí lọ, ọwọ́ Tantie, bó ṣe ń pe Tàǹtí ní tirẹ̀, lòun ti máa gba ìdáhùn. Bí Tantie bá ní ó dára, wọ́n á ti ti àtijọ́ pa pátápátá, wọ́n á sì ní kí Ayọ̀mikún wá máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ. Bí Tantie bá ní kò dára, wọ́n á dá Ìyáálé padà, Ayọ̀mikún á sì máa lọ sílé. "Tantie ló mọ̀ ọ́n jù," Michel ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó jiyàn.

Kí ni Tàǹtí fẹ́ sọ? Ká má parọ́, ó fẹ́ sọ pé kò dára. Láti àárọ̀ ló ti ń wá ẹ̀bi sí Ìyàwó lára bí ìyá ọkọ tó ń yẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò wò. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí kò bá sí ohun tó ń bàjẹ́ mọ́, kí ni wọ́n á máa pe òun fún? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí orí ọmọ kankan ò bá wọ́ mọ́ ńkọ́? Àgbà á wá kàn jókòó sọ́jà ni, á máa lé eṣinṣin.

Bó ṣe ń ro èyí lọ́wọ́ ni Ayọ̀mikún yọ sí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ó ń lọ dáadáa? Tí ohunkóhun bá ń ni yín lára nínú rẹ̀, ẹ sọ fún mi, mà. Ó ṣeé tún ṣe."

Èyítáyọ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Ó funfun jù," ó ní. "Ó ń ta mí lójú."

"Ẹ má bínú, mà." Ọmọ náà nawọ́, ó tẹ ibì kan, funfun náà sì rọ̀, ó dà bí omi ògì. "Ṣé báyìí?"

Ojú Èyítáyọ̀ tù ú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú bí i pé ó tù ú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó fọhùn láti imú, ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ̀ Sùlìámọ́nù wọlé. Ọmọ Pobè ni Sùlìámọ́nù, òun ló máa ń gbé ẹrù Cotonou, ẹrù tó sì fẹ́ gbé lónìí jẹ́ àdàlù, oríṣiríṣi irun nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Èyítáyọ̀ na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Ẹrù àdàlù ni ibi tí agbára rẹ̀ gbé wà. Ìyáálé kì í gba ẹrù àdàlù fún ìlú tó bá wà lẹ́yìn ẹnubodè. Bí wọ́n bá kọ Cotonou sí i, á kọ̀ jálẹ̀. Tàǹtí ló wá ọgbọ́n sí i. Á kọ́kọ́ purọ́ fún un pé Kara, tí kò kọjá ẹnubodè, ni ọkọ̀ ń lọ, á kó gbogbo ẹrù sí i, á ní kó lọ. Ìyáálé á béèrè ìbéèrè kan tí kò lórí tí kò nídìí, Tàǹtí á tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyáálé á tún béèrè ìlú lẹ́ẹ̀kejì bí arúgbó tó ti gbàgbé, nígbà náà ni á wá kọ Cotonou. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni, àmọ́ ó máa ń gbé wọn débẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n àtijọ́ náà lórí Ìyàwó kó tó rò ó. Ó kọ Kara. Ó kó ẹrù sí i, Ìyàwó sì gba gbogbo rẹ̀ láìjiyàn. Ìbéèrè kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni bí ẹni lé eṣinṣin. Ó wá ń retí ìbéèrè ìlú ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Tàǹtí, ẹ wá jẹun," Ìbíyẹmí ké sí i. "Ó ṣì ń yọ èéfín o."

Ayimolou ni, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè, pẹ̀lú ata dúdú àti ẹja díndín. Èyítáyọ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó wo abọ́. Ìbéèrè náà á dúró de òun, ó dá a lójú. Ó lọ jókòó, ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó sì tẹjú mọ́ abọ́ náà.

"Kí ló dé?" Ìbíyẹmí bi í.

"Ó gbóná."

"Ṣé kó tutù ni?"

Èyítáyọ̀ bu òkèlè mìíràn. Kò rántí ìgbà tóun jẹ oúnjẹ gbígbóná kẹ́yìn níbi iṣẹ́. Lójoojúmọ́, òkèlè kejì kì í tíì dé ọ̀fun rẹ̀ tí wọ́n á fi ké pè é, nígbà tó bá sì fi padà dé, ata á ti dì. Ó jẹ ti òní tán pátá, ó lá ìka rẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bú ara rẹ̀ nínú. Nígbà tó padà sídìí iṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́ roro, ó ń dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ó gbàgbé ìbéèrè ìlú ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ń retí, ó rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Sùlìámọ́nù ni.

"Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni mo máa gbé ẹrù yìí fún ní Kara? Èmi ò mọ oníbàárà kan níbẹ̀ o."

"Kara báwo?" Ọkàn Èyítáyọ̀ já. "Ṣebí Cotonou lò ń lọ láyé rẹ?"

"Kara ni wọ́n kọ síwèé ọkọ̀. Mo ti fẹ́ wọ Tsévié báyìí, lójú ọ̀nà ibẹ̀."

"O ò sì lè béèrè kó o tó gbéra?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," Sùlìámọ́nù dáhùn, kò sì sí àwàdà lóhùn rẹ̀. "Mo ní Tàǹtí kì í ṣàṣìṣe. Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ ibi tí mò ń lọ."

Èyítáyọ̀ ní kó yí padà, ó ní wọ́n á ti mú ìwé mìíràn dè é ní géètì. Nígbà tó fi máa gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tàn. Ìbíyẹmí ti káwọ́ lérí pé Ìyàwó ti gbé ọkọ̀ sá lọ. Àdìsá ti géètì wá, ó ní òun kúkú mọ̀, òun ti ń wòye pé ẹ̀rín Ìyàwó yẹn ti pọ̀ jù. Àwọn tó ti ń yin Ìyàwó láti àárọ̀ ti ń bú u. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó rò pé Tàǹtí ló ṣì í, ìyẹn á dà bí ìgbà téèyàn bá sọ pé odò ń ṣàn gòkè.

Ayọ̀mikún dúró síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó ń wá ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Michel jáde láti yàrá rẹ̀, ó béèrè ní Faransé tó dà pọ̀ mọ́ èdè Mina pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Bóyá ìbéèrè tí mo kọ síbẹ̀ ni kò hàn dáadáa," ọmọ náà ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi."

Michel yíjú sí Èyítáyọ̀. "Tantie, ṣé ẹ̀rọ ló ṣe é?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti gbé e sínú àwo fún un, bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ìyáálé á padà wálé, igbe á tún bẹ̀rẹ̀, Tàǹtí á tún máa dìde, á máa ráhùn lọ. Ta ló máa mọ̀? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, wọ́n máa ń sọ ọ́ báyẹn, àmọ́ ogún ọdún pọ̀, òun á ti fẹ̀yìn tì kó tó pé. Ó wo ọmọ náà, ó rí i pé ó ti gba ẹ̀bi náà tán lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì ti ń ronú bó ṣe máa délé. Sùlìámọ́nù wá sí i lọ́kàn, ọkùnrin tó mọ ọ̀nà Cotonou bí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó kọjú sí Kara, nítorí pé ó gba òun gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ojú tì í.

"Ẹ̀rọ bi mí léèrè," ó ní. "Ó bi mí dáadáa, pé ṣé Kara ni. Èmi ni mi ò kà á. Èmi ni mo kọ Kara."

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ Kara, mà?" Ayọ̀mikún béèrè, ó yà á lẹ́nu ju bó ṣe tù ú nínú lọ.

Ó di dandan kó ṣàlàyé. Ó sọ bí Ìyáálé ṣe máa ń kọ̀ jálẹ̀, bóun ṣe máa ń purọ́ fún un, bóun ṣe máa ń tún irọ́ náà ṣe tó bá yá. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, etí ara rẹ̀ ń gbọ́ ọ, ó sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn láti sọ àti bí kò ti bójú mu.

Michel fọwọ́ bo ẹnu. "Tantie," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé gbogbo ọkọ̀ Cotonou wa ló ti ń gba Kara kọjá láti gbogbo ọdún yìí wá?"

Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Àdìsá, lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngán, títí Èyítáyọ̀ alára fi jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ayọ̀mikún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń sọ orúkọ ìlú inú ìbéèrè náà di gàdàgbà, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ju ojú lọ lè rí i.

"Kí wá ni ká ṣe?" Michel bi Èyítáyọ̀, nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹ ti àtijọ́ yẹn pa," Èyítáyọ̀ ní. "Ìyàwó yìí rọrùn. Òun ló jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ gbígbóná lónìí." Ó wo Ayọ̀mikún. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ tán pátápátá lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n kọ ẹrù Sùlìámọ́nù lákọ̀tun, wọ́n kọ Cotonou sí i tààrà, Ìyàwó gbà á wẹ́rẹ́. Oníkálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, gbọ̀ngán sì tún parọ́rọ́. Èyítáyọ̀ káwọ́ lé itan. Òtítọ́ tó sọ ò dùn ún rárá, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ náà fẹ̀ jù. Ó ní ó máa ṣáà mọ́ òun lára, kò sí ohun tí kì í móni lára, bàtà tuntun pàápàá.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àdìsá ni, ó ti géètì wá, ó dúró bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyítáyọ̀ ti dìde kó tó mọ̀.

"Ó ti gbé e mì?"

"Rárá, Tàǹtí. Kò gbé nǹkan kan mì."

"Ìwé ọkọ̀ ni kò jáde?"

"Ó jáde."

"Kí wá ló bàjẹ́?"

Àdìsá họ orí. "Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọkọ̀ ò tíì dé ni. Mo ní kí n wá jókòó tì yín díẹ̀."

Èyítáyọ̀ dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe. Ó mọ gbogbo àṣìṣe ọkùnrin yìí. Ó mọ ìka tó fi ń tẹ̀, ó mọ ibi tó ti máa ń ṣì í, ó mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń rí bó bá ń ké pe òun. Kò mọ iye ọmọ tó bí. Kò mọ àdúgbò tó ń gbé. Kò sígbà tí àyè ẹ̀ yọ, nítorí ọ̀rọ̀ Ìyáálé ló máa ń gba gbogbo àyè.

Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí àga kejì.

"Jókòó," ó ní. "Ilé rẹ ńkọ́? Ta ni ẹ fi sílé?"

Ojú Àdìsá tàn. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá rẹ̀ tó wà ní Sakété, ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń fọwọ́ júwe rẹ̀, Tàǹtí kò sì ní ohun kan láti bá a tún ṣe níbẹ̀ ju kó máa gbọ́ lọ.